Bí Ìṣèlú Ṣe Pín Ẹgbẹ́ Télọ̀ Àdúgbò Wa N'Iléṣà Sí Méjì

Àárín ẹgbẹ́ télọ̀ àdúgbò wa níbí n'Iléṣà lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ó là sójú gbogbo wa ní 2022, kò sì tíì tán pátápátá títí di bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, ìwé ìpàdé wà lọ́wọ́ mi, ohun tí mo bá sì sọ níbí, yálà ó ṣojú mi tàbí ẹni tó kàn gan-an ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Nǹkan kan wà tí mi ò ní ṣe o: mi ò ní dárúkọ páátì tí apá kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa ń ṣe. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fáwọn èèyàn lójúkojú rí, ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi mí náà nìyẹn, "páátì wo ni wọ́n?", tí mo bá ti dáhùn báyìí, ó parí, wọ́n ti mọ ẹni tó jẹ̀bi kí n tó dé ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Torí náà ibi tí wọ́n ń jókòó sí nípàdé ni màá fi máa pè wọ́n, àwọn ẹ̀bá fèrèsé àti àwọn ẹnu ọ̀nà.

Ẹgbẹ́ wa ò yàtọ̀ sẹ́gbẹ́ télọ̀ yòókù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ìpàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àjọ tẹ́ni tó bá kó o máa ń fi ra máṣìn wífìn tàbí kó fi san owó ṣọ́ọ̀bù, owó ìtanràn fẹ́ni tó bá pẹ́ dé. Tẹ́nì kan bá ń sìnkú, gbogbo wa la máa ń ra aṣọ kan náà. Tọ́mọ iṣẹ́ ẹnì kan bá fẹ́ ṣe fírídọ̀ọ̀mù, gbogbo ọ̀gá ló máa ń wá dúró yí i ká, wọ́n á gbé àlùmọ́gàjí àti téèpù lé e lọ́wọ́, wọ́n á wúre fún un. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kìrìsẹ́nì wà níbẹ̀, ọmọ Iléṣà wà, àwọn tó wá láti Òṣogbo, Ìkirè àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè náà wà. Gbogbo wa la ní páátì tá à ń dìbò fún, a sì mọ ti ara wa, kò sẹ́ni tó ń torí ẹ̀ yan ibi tó máa jókòó sí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé máṣìn tí wọ́n pín ní 2022 ló dá ìjà sílẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀yìn ìbò gómìnà 2018 ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ẹ rántí pé September 22 ọdún yẹn, Ademola Adeleke ti PDP ní ìbò 254,698, Gboyega Oyetola ti APC ní 254,345. Ìbò 353 péré ló wà láàárín wọn. INEC wá ní ìbò ò tíì parí torí pé wọ́n ti fagi lé ti yúnìtì méje, àwọn tó sì forúkọ sílẹ̀ láwọn yúnìtì yẹn jẹ́ 3,498, ó ju àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì lọ. September 27 wọ́n tún un dì ní Ifẹ̀ Gúúsù, Ifẹ̀ Àríwá, Orólù àti Òṣogbo, ìgbà tí wọ́n ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, Oyetola ní 255,505, Adeleke ní 255,023. Ìbò 482 ló fi wọlé.

Tí àlàfo bá tóbi, ẹni tó pàdánù á dùn ún, á sì gbà fún Ọlọ́run. Ìbò 482 ò rí bẹ́ẹ̀, iye èèyàn tó lè jókòó sínú gbọ̀ngàn ìnáwó kan nìyẹn, kí ẹ wá fi pín ìpínlẹ̀ odindi, kò sí bí oníkálukú ò ṣe ní bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé ta ló ba tiwa jẹ́. Nínú ẹgbẹ́ wa, obìnrin kan wà tí kò lè lọ dìbò torí orúnkún tó ń dà á láàmú, látìgbà yẹn títí dé 2022 ni wọ́n fi ń sọ ọ́ sí i létí pé òun náà wà lára àwọn tó gbé gómìnà fún wọn. Kò sẹ́ni tó rín ẹ̀rín nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Òun fúnra ẹ̀ sọ fún mi pé ọjọ́ tóun kọ́kọ́ gbọ́ ọ lòun mọ̀ pé òun ti wà ní "apá" kan, òun tóun ò ní káàdì páátì kankan.

Ìbò July 16, 2022 wá ń bọ̀, iṣẹ́ aṣọ páátì sì dé. Ẹni tó bá ń ránṣọ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, bùbá àti ṣòkòtò lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún, fìlà, gèlè, owó ìṣáájú lọ́wọ́, àsìkò tí ọjà sì dá nìyẹn torí Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ti lọ, ó sì jìnnà sí Kérésìmesì. Tẹ́lẹ̀, tí iṣẹ́ tó tóbi báyẹn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, ìpàdé ló máa gbé e wá, a ó pín in. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ lídà wọ́ọ̀dù fóònù pe àwọn tó mọ̀ pé wọ́n jẹ́ tiwọn, ó pín in láàárín wọn. Ìgbà táwọn yòókù rí ẹrù àǹkárá tí wọ́n ń já sílẹ̀ lójú títì ni wọ́n mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, iṣẹ́ ti páátì kejì náà dé, àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀ níjọ́sí náà pín tiwọn láàárín ara wọn. Nǹkan tó wá dùn mí jù níbẹ̀ rèé: àwọn ẹ̀bá fèrèsé ò ní ọwọ́ tó pọ̀ tó láti parí tiwọn, ẹni tó gbéṣẹ́ wá sì ní tí wọ́n bá lè rí èèyàn kún un, òun á tún gbé òmíì wá. Àwọn ẹnu ọ̀nà ń jókòó lásán ní ṣọ́ọ̀bù nígbà náà. Wọn ò pè wọ́n. Wọ́n dá ìpín kan nínú aṣọ yẹn padà, wọ́n pàdánù owó orí ẹ̀ àti ti èyí tó kù lẹ́yìn, torí kówó náà má bàa kan àwọn tọ̀hún.

Mo máa padà síbẹ̀ yẹn.

Máṣìn ló tẹ̀ lé e. Olóṣèlú kan fẹ́ ṣe ẹmpáwámẹ́ǹtì, máṣìn Butterfly méjìlá, fọ́tò ẹ̀ wà lára wọn. Bánà tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ wa ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà, àmọ́ ìwé orúkọ àwọn tó máa gbà á, ọ̀dọ̀ lídà wọ́ọ̀dù ló ti wá. Opó kan wà láàárín wa, máṣìn tó ń lò, ọkọ ẹ̀ tó ti kú ló rà á fún un, ó máa ń fi ọwọ́ kan ti ìyípo ẹ̀ kó tó lè ránṣọ, orúkọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹnì kan tó ti fi ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sílẹ̀, tó ń ṣe POS, gba méjì. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e, àwọn tí kò gbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè tètè jáde, àwọn tó gbà sì kóra jọ sẹ́bàá fèrèsé, bí wọ́n ṣe ń jókòó títí nìyẹn.

Inú máa ń bí mi táwọn èèyàn bá ní àwọn mẹ̀kúnnù ò lọ́gbọ́n ni wọ́n ṣe ń bára wọn jà lórí olóṣèlú tí kò mọ̀ wọ́n. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Iṣẹ́ àti máṣìn ni. Tó bá jẹ́ pé orúkọ tí wọ́n mọ èèyàn sí nínú wọ́ọ̀dù ló máa pinnu bóyá á jẹun lóṣù náà, kí ló máa mú kó má di orúkọ yẹn mú ṣinṣin? Ibi tí mo ti ní ẹ̀sùn ni pé kò dúró síbi oúnjẹ. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún yẹn, iṣẹ́ aṣọ páátì ti tán, kò sí máṣìn tẹ́nì kankan tún ń pín, ìbò ti lọ (Adeleke ló wọlé lọ́tẹ̀ yìí, 403,371 sí 375,027), síbẹ̀ ìkórìíra náà ń dàgbà sí i. Gúrúùpù WhatsApp wa di méjì. Wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ ara wọn ní síkíríṣọ́ọ̀tù láti inú ọ̀kan lọ sí èkejì. Tọ́mọ iṣẹ́ ẹnì kan ní ẹ̀bá fèrèsé bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́, wọ́n á ní bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn, olè ni wọ́n, tó bá jẹ́ tiwọn ló bà á jẹ́, wọ́n á ní ọmọ náà ò gbọ́ran.

Mo wá ṣe nǹkan kan. Mo lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan náà ni mo bi wọ́n: kí ni páátì yín máa ṣe tí tiwọn ò ní ṣe? Títì, owó oṣù, omi, iná. Ìdáhùn àwọn méjèèjì nìyẹn, bí ẹ bá bo ojú mi tí ẹ kà á fún mi, mi ò ní mọ ti ta ni. Tí mo bá wá béèrè pé kí ló burú nínú àwọn tọ̀hún, ẹnu wọn á là, wọ́n á sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sì sí ohun ìjọba nínú ẹ̀, ìwà wọn ni, ìgbéraga wọn, bí wọ́n ṣe ń wo èèyàn.

Ẹnì kan ti wá ìdí irú nǹkan yìí. Henri Tajfel ni wọ́n ń pè é, Júù tí wọ́n bí ní Pólándì, ó jagun fún ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Jámánì mú un, ìgbà tó fi máa gba òmìnira, wọ́n ti pa àwọn ẹbí ẹ̀. Ó di olùkọ́ ní yunifásítì Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló ti kó àwọn ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 sí 15 jọ, ọmọ ilé ìwé kan náà tí wọ́n mọra wọn. Ó ní kí wọ́n fojú ka àwọn àmì tóótòòtó tó ń kọjá lójú ògiri, ó wá pín wọn sí méjì, ó ní àwọn wọ̀nyí ń kà á ju bó ṣe wà lọ, àwọn wọ̀nyí ń kà á dín. Lẹ́ẹ̀kejì, àwòrán Klee àti ti Kandinsky, ayàwòrán méjì, ló fi pín wọn. Irọ́ ni pátá, ṣe ló kàn pín wọn bó ṣe wù ú. Ó wá ní kí wọ́n máa pín owó, kì í ṣe fún ara wọn o, fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọn ò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́, àfi apá tí wọ́n wà. Wọ́n fi ti apá tiwọn ṣíwájú. Èyí tó wá gba àfiyèsí nínú ohun tó gbé jáde ní 1970 ni pé ibì kan wà tí apá méjèèjì ti lè gba owó tó pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà fẹ́ kí apá tiwọn gba owó tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó bá ṣáà ti máa jìnnà sí ti àwọn tọ̀hún.

Aṣọ tí wọ́n dá padà yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ò ní lídà wọ́ọ̀dù, wọn ò ní ìtàn 482 lẹ́yìn, wákàtí díẹ̀ ni wọ́n fi pín wọn, wọ́n sì ṣe é. Ká má wá sọ tiwa tó ní gbogbo ẹ̀.

Ibi tó ti wá wọ inú ilé gan-an ni ti ọmọbìnrin akápò wa. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá ẹ̀ wà. Ọmọkùnrin kan tí ìyá tiẹ̀ wà ní ẹ̀bá fèrèsé fẹ́ fẹ́ ẹ, níbi fírídọ̀ọ̀mù lọ́jọ́ kan ni wọ́n ti pàdé, àwọn ìyá méjèèjì ló jọ se ìrẹsì ọjọ́ náà. Ní ti àwa Yorùbá, tọ́mọ bá mú ẹnì kan wálé, a máa ń wádìí, ṣé àrùn kan wà nínú ẹbí yẹn, ṣé wọ́n ń jalè, ṣé wọ́n ń jẹ gbèsè. Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Akápò ní òun ò lè bá irú àwọn èèyàn yẹn dána. Mo lọ bá wọn sọ ọ́, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní "Akọ̀wé, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n fojú mi rí". Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1960, wọ́n bi àwọn èèyàn pé ṣé inú wọn á bàjẹ́ tọ́mọ wọn bá fẹ́ ọmọ páátì kejì, bí èèyàn 5 nínú 100 ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tún béèrè ní 2010, nínú àwọn Republican ó ti fẹ́ẹ̀ tó ìdajì, nínú àwọn Democrat ó tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Àádọ́ta ọdún ni tiwọn gbà. Tiwa ò gbà tó ọdún kan.

Ìyá Ẹgbẹ́ wa, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n ṣì wà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ní 1965. Wọ́n mọ ìgbà tí ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá fọ́ páátì Action Group ní 1962, wọ́n mọ ìgbà tí Dẹ́mọ, páátì Akíntọ́lá, dé ní 1964, àti ìbò October 1965 tí wọ́n fi ń da pẹtiróòlù sílé ara wọn, tí wọ́n ń pè ní wẹ́tíẹ̀. Bàbá wọn àti àbúrò bàbá wọn, ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan ń ṣe Dẹ́mọ, èkejì ò ṣe é, wọn ò pọnmi nínú kànga kan náà mọ́ nínú agbo ilé. Ìjọba ológun dé ní January 1966, wọ́n fòfin de gbogbo páátì, kò wá sí Dẹ́mọ mọ́, kò sí Action Group mọ́, síbẹ̀ àwọn méjèèjì ò bára wọn sọ̀rọ̀ títí ọ̀kan fi kú, èkejì ò sì débi ìsìnkú. Màmá ń sọ èyí nípàdé, gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nì kankan sọ fún yín pé èrò nípa ìjọba ló yàtọ̀. Ní 2022 kan náà yẹn, inú APC fúnra ẹ̀ l'Ọ̀ṣun pín, Rauf Aregbesola, ọmọ Iléṣà tó ṣe gómìnà láti 2010 sí 2018, ò sí lẹ́yìn Oyetola mọ́, ẹni tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ẹ̀ nígbà tó ń ṣe gómìnà, àwọn TOP (The Osun Progressives, ti Aregbesola) wà lọ́tọ̀, àwọn IleriOluwa (ti Oyetola) wà lọ́tọ̀. Àwọn tó jọ jó lójú títì ní 2018 di ọ̀tá ara wọn, bẹ́ẹ̀ ìgbálẹ̀ kan náà, àmì APC, ni gbogbo wọn jọ dì mú. Ní 2025 Aregbesola di adelé akọ̀wé àgbà páátì ADC, ní December ọdún náà Adeleke tó ti kúrò ní PDP bọ́ sí páátì Accord. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ti yí páátì padà tẹ̀ lé àwọn aṣáájú wọn nínú gbogbo ìyẹn. Kò sí èyí tó yí ẹni tó kórìíra padà.

Ohun tó wá tú u díẹ̀ kì í ṣe ìwàásù. Pásítọ̀ wá, àlùfáà wá, wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa, a ṣàmín, a pín mínírà, ó parí síbẹ̀. Muzafer Sherif, ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì, ti rí irú ẹ̀ ní 1954 ní Robbers Cave, Oklahoma, ó kó àwọn ọmọkùnrin 22 lọ sí àgọ́, ó pín wọn sí ìsọ̀rí méjì, wọ́n ń bára wọn díje títí wọ́n fi ń jó àsíá ara wọn. Nígbà tó kó wọn jọ láti jọ jẹun, oúnjẹ ni wọ́n fi ń sọ lura wọn. Ohun tó pẹ̀tù sí i ni iṣẹ́ tí apá kan ò lè dá ṣe, omi àgọ́ tó dá, ọkọ̀ tó kọ̀ tí gbogbo wọn ní láti jọ fà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, léraléra ni.

Tiwa ni yunifọ́ọ̀mù. Ọ̀gá ilé ìwé aládàáni kan fẹ́ kí wọ́n rán aṣọ tó lé ní 600 kó tó di ìwọlé September 2023. Wọ́n ní àwọn ò ní gbé e fún ẹnì kankan lọ́tọ̀, ẹgbẹ́ lápapọ̀ ni, ìwé ẹgbẹ́, rìsíìtì kan, alága àti akápò gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i. Ẹ̀bá fèrèsé ni alága, ẹnu ọ̀nà ni akápò. Tí a bá pín in sí méjì, apá kankan ò lè bá ọjọ́ náà. Wọ́n gbà á torí owó, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ṣọ́ọ̀bù tó ní jẹnẹrétọ̀ tó dáa ni wọ́n ti ń gé e, àwọn kan ń ránṣọ, àwọn kan ń fi bọ́tìnnì àti ẹ́mù sí i. Kò pẹ́ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀, àwọn tó ń rán an ní àwọn tó ń gé e ń mọ̀ọ́mọ̀ gé e kúrú kí iṣẹ́ àwọn lè bàjẹ́. Ìyá Ẹgbẹ́ gbé téèpù, wọ́n wọn aṣọ fúnra wọn, ṣé ẹ rí i, ìdì aṣọ méjì ni wọ́n kó wá, ọ̀kan fẹ̀ ní íǹṣì 60, èkejì íǹṣì 45, ẹni tó gé e fi ìṣirò kan náà gé méjèèjì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan kan. Mo wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wo téèpù yẹn. Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà, kò sẹ́ni tí ì bá wọn ọ́n rárá, wọ́n ti mọ ìdáhùn.

Iṣẹ́ náà parí, a tún ti gba méjì irú ẹ̀ látìgbà yẹn. A wá fi òfin sí i: ohunkóhun tẹ́nikẹ́ni bá fẹ́ fún ẹgbẹ́ lórúkọ ẹgbẹ́, ìpàdé ló máa dé, a ó mú ìwé ìdìbò fi yan ẹni tó máa gbà á, a ó bó fọ́tò kúrò lára ẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ kó jẹnẹrétọ̀ kéékèèké wá, a ka òfin fún wọn, wọn ò padà wá mọ́. Ó dun àwọn kan nínú wa gan-an, mo sì mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò níná ní ṣọ́ọ̀bù kò lè fi ìṣọ̀kan lọ aṣọ. Síbẹ̀ mo gbà pé ó tọ́ ká pàdánù wọn.

February 2025, nígbà tí ìjà kánsù bẹ́ l'Ọ̀ṣun, táwọn alága tó wọlé lábẹ́ APC ní 2022 àti àwọn tí ìbò February 22 gbé wọlé ń du sẹkitéríàtì, tí wọ́n pa èèyàn, tówó kánsù sì há s'Ábújá, ariwo tún gba WhatsApp wa kan. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n bú ara wọn lórí fóònù, wọ́n sì wá sípàdé lọ́jọ́ tó yẹ, wọ́n san owó àjọ. Opó tí mo sọ níṣàájú ti kó àjọ tiẹ̀, ó ti ra máṣìn. Ọmọbìnrin akápò ti relé ọkọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin yẹn. Ìyá ọmọkùnrin náà ti lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ télọ̀ ní àdúgbò míì, a lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní rárá.

Ìbò gómìnà 2026 ń bọ̀ lọ́nà, iṣẹ́ aṣọ páátì náà á tún dé. Àbá kan wà nílẹ̀ tí a máa dìbò lé ní ìpàdé tó ń bọ̀, pé ẹni tó bá wà nínú ìgbìmọ̀ páátì ní wọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ di ipò mú nínú ẹgbẹ́. Alága lòdì sí i, wọ́n ní àwọn tó mọ olóṣèlú náà ló ń bá ẹgbẹ́ wá àǹfààní. Èmi máa sọ̀rọ̀ gbe àbá náà, mo sì ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀: orúkọ ẹgbẹ́ wa ni wọ́n fi gba máṣìn méjìlá yẹn, orí tábìlì ẹgbẹ́ wa sì ni ẹni tó bá lídà wọ́ọ̀dù kọ ìwé orúkọ náà ń jókòó sí lọ́jọ́ náà. Tó bá já, màá tún gbé e wá lóṣù tó tẹ̀ lé e.